Bí Mo Ṣe Sọ Ọkọ̀ Asáré Òyìnbó Lórúkọ ní Thamesmead

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì nídìí gáréèjì, tẹ́ ẹ ti ń sọ fún ara yín pé Làmídì ti ti Lọ́ńdọ̀nù dé, irọ́ ti dé: ẹ kú ìjókòó o. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ni mo gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ìwé, tí mo fi bírò kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹnu mi ń yí i padà lójoojúmọ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí mo ti fi búrọ́ọ̀ṣì kọ sára lọ́rì àti bọ́ọ̀sì láti ìgbà èwe mi, bí wọ́n bá tò wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dé Kùtọnu, wọ́n á tún padà wálé wá jẹun. Ohun tí mo bá fi kún ọ̀rọ̀ yìí, iyọ̀ ni. Ẹran inú ọbẹ̀ náà, òótọ́ ni.

ATẸ́GÙN

Ọmọ mi, Sìdíkátù, ló ní kí n wá. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó nínú ilé wọn ló ń ṣe. Ọkọ rẹ̀, Wàsíù, ọmọ Ìbàdàn, mẹkáníìkì ni. Thamesmead ni wọ́n ń gbé. Rélùwéè ò dé ibẹ̀. Woolwich lèèyàn ti ń bọ́ sílẹ̀ kó tó wọ bọ́ọ̀sì. Kí rélùwéè ọ̀hún sì tó dé Woolwich, abẹ́ odò ńlá ìlú náà ló ń gbà. Nígbà tí Sìdí sọ fún mi pé omi wà lókè orí wa, mo yáa gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí bàtà mi má bàa tutù. Òyìnbó tó jókòó kọjú sí mi wò mí títí, òun náà rọra gbé tiẹ̀ sókè.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òtútù ni wàhálà Lọ́ńdọ̀nù. Atẹ́gùn ni. Ti Thamesmead kì í fẹ́, ìjà ló máa ń bá èèyàn jà. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, ó já fìlà gbà lórí mi, ó gbé e fò kọjá adágún omi kan. Mo ti ń kí fìlà náà pé ó dìgbóṣe. Òyìnbó kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ni ó gbá tẹ̀lé e, òun àti ajá, wọ́n yí adágún náà po, wọ́n bá fìlà nínú koríko etí omi. Ó gbé e bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Sọ́rì."

Mo wò ó. Ṣé òun ni atẹ́gùn ni?

Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí o bá tẹ òyìnbó lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ni yóò bẹ̀ ọ́. Mo tẹ ẹni mẹ́ta kan lẹ́sẹ̀ nínú ọjà Woolwich láti fi wò ó dájú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bẹ̀ mí.

Ẹyẹ funfun kan tún wà nínú omi Thamesmead, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sanra ju àgbò Iléyá lọ. Ó máa ń jáde kúrò nínú omi, á máa rìn lójú títì bí olóyè, ọkọ̀ á sì dúró dè é. Mo bi Sìdí léèrè pé ta ló ni ín.

Ó ní, "Ọba ni, Dádì. Ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Báwo ni mo ṣe wò ó?"

"Ẹ wò ó bí ẹni tó ń wá ata."

KÍKÍ ÀTI JÍJẸ

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá wọ bọ́ọ̀sì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ ní "gúdù mọ́nìn." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àfi bí ẹni pé mo wá tọrọ nǹkan. Àwọn kan tiẹ̀ yí ojú sí fèrèsé. Ló bá di ìgbà tí obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì dáhùn láti ẹ̀yìn pátápátá: "Ẹ káàárọ̀ o, Dádì. Ẹ wá jókòó síbí. Wọn kì í kí ara wọn nínú bọ́ọ̀sì, àfi tó bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ. Ọjọ́ kan bọ́ọ̀sì wa bàjẹ́ lóòótọ́, kí á tó ka ogún, gbogbo wọn ti di ọ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ dé ọjà Woolwich kí ẹ gbọ́ Yorùbá. Mo rí gààrí Ìjẹ̀bú, mo bu díẹ̀ sẹ́nu, ó kan bó ṣe yẹ kó kan. Mo rí pọ̀nmọ́ tí wọ́n wé sínú ọ̀rá bí ọmọ ìkókó. Ti oúnjẹ òyìnbó fúnra rẹ̀, ẹja kan wà tí wọ́n máa ń wọ ẹ̀wù ìyẹ̀fun fún, wọ́n á wá din ín títí ẹ̀wù náà fi máa le bí agbádá tí wọ́n lọ̀ ní ìlọ̀jù. Mo bọ́ ẹ̀wù náà, mo jẹ ẹ́ lọ́tọ̀, mo wá jẹ ẹja lọ́tọ̀. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi sọ pé òun ò rí irú rẹ̀ rí.

Tíì wọn ni kí ẹ kíyè sí. Wọn kì í bi yín bóyá ebi ń pa yín. Tíì ni wọ́n máa bi yín. Bí inú wọn bá dùn, wọ́n á gbé omi kaná. Bí òkú bá kú, wọ́n á gbé omi kaná. Mo wá mọ̀ pé bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe wúwo tó lọ́dọ̀ òyìnbó, ẹ má wo ojú rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe yára tó lọ sídìí kẹ́tùlù.

NATHAN WAY

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ilé sú mi. Wàsíù rí i pé mo ti ń bá tẹlifíṣọ̀n jà, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká jọ lọ síbi iṣẹ́ mi."

Nathan Way lorúkọ ibẹ̀, àdúgbò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, bíi ti àwọn mẹkáníìkì wa, àmọ́ wọ́n fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ̀ asáré àtijọ́ ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀. Ọ̀gá wọn, òyìnbó gíga kan tó máa ń gbé gíláàsì rẹ̀ lé orí tí yóò sì máa wá a kiri, Kọ́lìn lorúkọ rẹ̀. Wàsíù sì pè é ní Kọ́lìn, gbọnrangandan.

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wàsíù, ọ̀gá ẹ lò ń pè lórúkọ bẹ́ẹ̀?"

"Dádì, bí mo bá pè é ní sà, á rò pé mò ń bínú sí òun ni."

Ẹ wá wo ọkọ̀ tó wà láàárín ilé. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí ewé kókò tí òjò pa. Kò ní òrùlé, ìjókòó kan ṣoṣo ló ní, ó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè fò ó láìbọ́ sáré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n eyín tiẹ̀ pé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọkọ̀ asáré fún àwọn olówó ló ni ín. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n ti fún mi ní ìwé kan tọwọ́ bọ̀. Ọkọ̀ yìí ló kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ fún ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní báyìí, tuntun ni wọ́n ń tà, wọ́n sì fẹ́ kí àgbà yìí tún sá ìje lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú àwọn oníbàárà, kí wọ́n lè rí i pé eré yẹn, àjogúnbá ni.

Èèyàn mẹ́ta ń jà lórí ọkọ̀ náà nígbà tí mo wọlé. Ìkíní ni obìnrin arúgbó kan, irun rẹ̀ funfun bí òwú, tí ilé-iṣẹ́ náà fi ṣe olùtọ́jú ìtàn ọkọ̀ wọn. Orúkọ rẹ̀ gùn, mo sọ ọ́ ní Ìyá Ìtàn. Òun ní kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ bóòtì kan ṣoṣo nínú ohun tí àwọn baba ńlá àwọn fi sílẹ̀. Ìkejì ni Wàsíù ọmọ mi, tó ní bí àwọn ò bá fi fáànù tó lágbára sí ẹ́ńjìnnì, omi á hó kí ìje tó parí. Ìkẹta ni Hánà, ọmọdébìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa wa ọkọ̀ náà. Ti Hánà ò le. Ó ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní bírékì tí yóò mú, kí òun lè gba ipò kìíní, kí òun sì tún padà lọ jẹ oúnjẹ alẹ́ lọ́dọ̀ ìyá òun.

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni ò mọ ìjà yìí nílé wa? Bí bàbá bá kú tó fi lọ́rì sílẹ̀, ẹbí á ní kí ẹ má yí ohun tí bàbá ṣe padà. Mẹkáníìkì á ní ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ nǹkan tuntun. Dẹ́rẹ́bà ní tiẹ̀ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ wọlé. Ibi tí ti ẹnì kan bá ti wọlé tán pátápátá, lọ́rì náà á di ilé adìẹ.

Ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ náà tẹ̀ wọnú, bí igbá tí wọ́n fi orúnkún lù. Mo nawọ́ sí i, mo ní kí wọ́n pe oníbọ́dì kan kó wá nà án padà. Ìyá Ìtàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi lọ́wọ́. Ó ní ọkọ̀ mìíràn ló kọ lù ú ní kọ́nà ìkẹyìn lọ́jọ́ tó gba ife, àti pé ìtẹ̀ yẹn lọ́wọ̀ ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tá a ń padà lọ sílé nínú bọ́ọ̀sì, Wàsíù ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, bí ìyá yẹn ò bá fọwọ́ sí ọkọ̀ náà, ilé-iṣẹ́ á kó iṣẹ́ wọn lọ. Bí wọ́n bá kó o lọ, Kọ́lìn á ti ṣọ́ọ̀bù pa. Orí iṣẹ́ yìí ni ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí dúró lé."

"Ti Sìdí ńkọ́?"

"Ìwé Sìdí so mọ́ tèmi."

Mo dákẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kì í dákẹ́.

NỌ́ŃBÀ MẸ́JỌ

Òyìnbó tó máa ń kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀ fún Kọ́lìn já bọ́ lórí àkàbà, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ kan tí Ìyá Ìtàn máa wá fún àyẹ̀wò ìkẹyìn. Wọn ò lè lẹ bébà mọ́ ọn, torí ọwọ́ èèyàn ni wọ́n fi ń kọ ọ́ láyé ìgbà yẹn. Kọ́lìn wá gíláàsì rẹ̀ títí, ó sọ̀rètí nù. Wàsíù ló la ẹnu rẹ̀ pé bàbá ìyàwó òun máa ń kọ nǹkan sára lọ́rì.

Wọ́n gbé ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan tó ti dógùn-ún wá fún mi pé kí n kọ mẹ́jọ sí i. N kò wá rúlà, n kò fi ṣọ́ọ̀kì wọ̀n ọ́n. Mo dá èémí dúró, mo fa òkè, mo fa ìsàlẹ̀, ó parí. Ẹ ò rí i bí mẹ́jọ ṣe rí! Ìbàdí rẹ̀ rí bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Kọ́lìn pe àwọn oníṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá wò ó. Ó ní kí n tún un ṣe, ó fi fóònù ká a.

Wọ́n wá fún mi ní ọkọ̀ gan-an. Mo kọ mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo kọ ọ́ sí ìmú. Wàsíù àti Kọ́lìn jáde sí ìta lọ gbé ẹ́ńjìnnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tútù àti pẹ́ńtì tó ṣẹ́kù.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Mo rìn yí ọkọ̀ náà po láti wo iṣẹ́ mi, mo dé ìdí rẹ̀, ìdí náà tẹ́jú, ó ń dán, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọkọ̀ tó ti dàgbà tó yẹn, tó ti gba ife, tó ti jà, tó ní ojú àpá! Kò lórúkọ! Nílé wa, bí ẹ bá ra lọ́rì lónìí, ẹ ò ní gbé e jáde lọ́la láìkọ nǹkan sídìí rẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ẹni tí wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí gbàgbé ni. Mo tilẹ̀ rò pé ojú ló ń tì wọ́n láti sọ fún mi.

Mo fi pẹ́ńtì òféèfé kọ ọ́, mo fi pupa ṣe òjìji rẹ̀:

ÀGBÀ KÌ Í SÁRÉ LÁSÁN

Mo ya ẹyẹ kékeré méjì sí i, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Nísàlẹ̀ pátápátá, mo tọwọ́ bọ̀ ọ́: Làmídì, Ìj-Òde.

Wàsíù ló kọ́kọ́ wọlé. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dádì! Kí lẹ ṣe?"

"Mo sọ ọ́ lórúkọ."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ lórúkọ?"

"Ta ló ní kí n má sọ ọ́? Wàsíù, irú ọkọ̀ yìí ló ti wà látọjọ́ yẹn tí ẹnikẹ́ni ò sọ lórúkọ? Ṣé wọ́n rí i he ni?"

Kọ́lìn wọlé. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Ó jókòó sórí táyà. Ó dìde. Ó lọ gbé omi kaná, eré ló sì sá débẹ̀. Ẹ̀rù wá bà mí.

Wàsíù fi tínà sára àkísà, ó rọra nu ìrù ẹyẹ kan. Ìrù náà lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ti àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bá a lọ, irin sì yọjú. Kọ́lìn figbe ta pé kó dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá nù ún, wọ́n ba ọkọ̀ jẹ́. Bí wọn ò bá nù ún, Ìyá Ìtàn ń bọ̀ láàárọ̀.

A dé ilé. Sìdí gbọ́, ó fọwọ́ lérí. Ó ní, "Dádì, ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo wa jọ bá yín padà sílé ni?" Ìkókóré ló sè lọ́jọ́ náà, ó fi ẹja tútù sí i. Mi ò jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ bá mi wo bí ìdààmú náà ṣe tó.

ÌYÁ ÌTÀN

Wàsíù ní kí n jókòó sílé. Mo ní rárá. Ẹni tó kọ nǹkan tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ kì í sá pamọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kà á.

Ìyá Ìtàn dé, Hánà tẹ̀lé e. Ó wo ẹ́ńjìnnì, ó wo ìjókòó, ó wo nọ́ńbà mẹ́jọ mi, ó fi gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá wò ó, ó mirí pé ó dáa. Ó wá yí sí ẹ̀yìn.

Mo gbọ́ ìró ẹyẹ ọba láti adágún.

Ó béèrè pé ta ló ṣe é. Ohùn rẹ̀ ò le, ìyẹn ló sì burú. Mo bọ́ síwájú, mo ṣí fìlà, mo ní, "Èmi ni, mà."

Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ò sí èkejì rẹ̀ lágbàáyé? Ó ní wọ́n ti pa á mọ́ láti ìran dé ìran, kò sẹ́ni tó fi ìka kàn án, mo wá fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo bà á jẹ́.

Mo sọ fún Wàsíù pé kó bá mi túmọ̀. "Bi í léèrè, ìtẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì yẹn, ta ló ṣe é?"

Wàsíù túmọ̀. Ìyá náà ní awakọ̀ tó fẹ́ já ife gbà lọ́wọ́ wọn ni.

"Sọ fún un pé ẹni tó kọ lu ọkọ̀ náà, tó fẹ́ bà á jẹ́, ìyẹn ti di ìtàn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ wá di ọ̀daràn?"

"Dádì, mi ò lè sọ ìyẹn fún un."

"Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Ó sọ ọ́, ó ń làágùn. Hánà bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Ìtàn wò mí. Mo wo òun náà. Àgbà méjì lẹ̀ ń wò yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ ṣẹ́jú.

Ó béèrè pé kí ni ohun tí mo kọ síbẹ̀. Wàsíù ṣàlàyé òwe náà fún un tọrí tìdí, pé àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ìyá náà ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó tẹríba, ó fi gíláàsì rẹ̀ wo lẹ́tà mi lọ́kọ̀ọ̀kan láti À títí dé N, ó pẹ́ lórí àmì tó wà lórí wọn, ó ní ọwọ́ tó fa ìlà yìí ò gbọ̀n rárá.

Ó wá nàró, ó sọ ìdájọ́ rẹ̀. Ó ní inú ìje ni ìtẹ̀ yẹn ti di ìtàn. Ó ní kí ọ̀rọ̀ tèmi náà lọ sínú ìje. Bí ọkọ̀ náà bá sá a parí, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, òun á kọ ọ́ sínú ìwé pé ara ìgbésí ayé rẹ̀ ni. Bí kò bá parí ìje, ẹ̀gbin ni mo kùn sí i, ilé-iṣẹ́ á sì kó ohun tí wọ́n ní kúrò lọ́wọ́ Kọ́lìn lọ́jọ́ kejì. Fáànù tuntun ńkọ́? Ó ní kò sí fáànù tuntun.

Kọ́lìn tún gbé omi kaná.

ÌJE

Pápá ìje náà wà lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù, láàárín oko àgùntàn. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Àwọn olówó wá, wọ́n wọ bàtà rọ́bà tí wọ́n fi ń lọ sóko, èyí yà mí lẹ́nu. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n to ọkọ̀ tuntun ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n ń dán yanranyanran. Kò sẹ́ni tó wò wọ́n. Ìdí ọkọ̀ mi ni wọ́n pé lé, wọ́n ń yà á ní fọ́tò, wọ́n ń bi ara wọn pé èdè wo nìyẹn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Wàsíù ò jẹun láti àárọ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà bí dókítà, ó ń dẹ èyí, ó ń fún tọ̀hún, kò pààrọ̀ nǹkan kan. Sìdí gba àyè níbi iṣẹ́, ó wá. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ìyípo mẹ́wàá ni ìje náà. Wọ́n ju àsíá sílẹ̀, ọkọ̀ àtijọ́ mẹ́rìnlá hó pọ̀, Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ìbínú àwọn àgbà! Ní ìyípo kejì, Hánà wà ní ipò karùn-ún. Ní ìkẹrin, ó ti di ìkẹta. Ní ìkeje, ó ya ẹni tó wà níwájú pátápátá sílẹ̀ ní kọ́nà, ó bọ́ sípò kìíní, mo fò sókè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo bá ara mi ní ọ̀nà tó jìn díẹ̀ sí ibi tí mo ti fò.

Ọkọ̀ pupa kan ló wá ń lé e. Ó yára ju tiwa lọ, gbogbo wa rí i. Ó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń bọ̀ lẹ́yìn, ìmú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹyẹ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá yẹ kó yà wá sílẹ̀, kì í ṣe é. Ẹni tó wà á ló jẹ́wọ́ fún Hánà lẹ́yìn ìje: ó ní ohun tó wà nídìí ọkọ̀ rẹ̀ lòun ń gbìyànjú láti kà, bí òun bá sì ti fẹ́ kà á dé ìparí, kọ́nà á dé. Ìyípo mẹ́ta gbáko ló fi ń kàwé. Mo sọ fún yín, ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ni ìdí ọkọ̀ náà.

Ní ìyípo ìkẹwàá, èéfín funfun yọ níwájú ọkọ̀ wa. Omi ti ń hó. Wàsíù di orí mú, ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Fáànù ni, mo sọ fún wọn, fáànù ni." Mo wo Ìyá Ìtàn. Òun náà ti fi eyín di ètè mú. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń fẹ́ kí ọkọ̀ náà dé, ó ń fẹ́ ẹ ju èmi lọ.

Hánà dín eré kù díẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò nígbà tó bá dé ibi tó dagun, ó tún tẹ̀ ẹ́ níbi tó bá tẹ́jú, ó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà bí ẹni tó ń gbé omi gbígbóná kọjá láàárín ọmọdé. Ọkọ̀ pupa yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n jọ gba kọ́nà ìkẹyìn. Èéfín bo àwọn méjèèjì. Ohun tó kọ́kọ́ jáde nínú èéfín náà, ẹ̀yin ará ilé, nọ́ńbà mẹ́jọ ni, ìbàdí ìyàwó ọ̀ṣìngín!

Ó kọjá ìlà. Ipò kìíní! Ó rìn díẹ̀ sí i, ó ṣe hùn-ùn, ó kú síwájú Ìyá Ìtàn gan-an, kò sún lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti wọlé, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló sì fi wọlé.

Ìyá Ìtàn ò pariwo bí àwọn yòókù. Ó yọ ìwé kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó jókòó sórí táyà ọkọ̀ náà pẹ̀lú bó ṣe gbóná tó, ó ní kí n pe orúkọ mi fún òun lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo pè é. Ó kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ àwọn tó kàn án àkọ́kọ́ àti àwọn tó wà á gba ife: Làmídì, Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ. Ó wá bá Kọ́lìn sọ̀rọ̀ sétí. Kọ́lìn yí sí Wàsíù, gíláàsì rẹ̀ wà lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ilé-iṣẹ́ ń kó gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ wọn bọ̀ wá sí Nathan Way, àti pé Wàsíù ni wọ́n ní kó máa ṣe ẹ́ńjìnnì wọn. Ó ní wọ́n á tún ìwé rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Sìdí bú sẹ́kún. Wàsíù ò sunkún. Ó wò mí, ó dojú bolẹ̀ gbalaja sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, ó na ara rẹ̀ tán pátápátá níwájú gbogbo òyìnbó, ó ní, "Dádì, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an, sà."

Àwọn òyìnbó figbe ta. Wọ́n rò pé ó dákú ni. Àwọn ọkùnrin méjì tó wọ aṣọ àwọn olùrànlọ́wọ́ gbé bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn sáré wá, ọ̀kan ti mú un lẹ́sẹ̀, èkejì ń wá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn.

Mo na ọwọ́ mi sí wọn. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Mi ò tíì dá a lóhùn."